Ọlọ́run Kan, Ọjà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ẹ̀sìn àti Ọrọ̀ Ajé ní Àwọn Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì Kọ́kọ́ Gbà ní Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ní Amẹ́ríkà ṣe yàtọ̀ síra wọn nípa ọrọ̀ ajé àti nípa ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa ní ọdún àti ní ibùsọ̀, ṣùgbọ́n yóò dé ẹnu ọ̀nà wa kí n tó jókòó.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ni nílé ìwé ni pé oríṣi Gẹ̀ẹ́sì méjì ló ré òkun kọjá. Àwọn kan wá owó lọ, wọ́n dó sí gúúsù ní Virginia. Àwọn kejì wá Ọlọ́run lọ, wọ́n dó sí àríwá ní Massachusetts. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn kò tó. Bí a bá dúró síbẹ̀, a kò ní mọ ìdí tí àwọn tó wá Ọlọ́run lọ fi ra èèyàn bíi tiwọn, a kò sì ní mọ ìdí tí àwọn díẹ̀ láàárín wọn fi kọ̀ ọ́. Èrò tèmi rèé: ẹ̀sìn ló ń sọ ẹni tí yóò dìbò, ẹni tí yóò mọ ìwé kà àti ẹni tí wọ́n yóò lé jáde nílùú. Ilẹ̀ àti ọjà ló ń sọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ láìgbowó. Níbi tí àwọn méjèèjì ti forí gbárí lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, ọjà ló borí níbi tó pọ̀ jù. N óò mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, n óò sì mú ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀ wá pẹ̀lú.

Virginia ló ṣáájú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1607, ọkọ̀ mẹ́ta gbé àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé díẹ̀ ní 100 gúnlẹ̀ sí Jamestown. Ọba James Kìíní ló fún wọn ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi rìn kì í ṣe owó ọba. Àwọn oníṣòwò London ló dá owó jọ, oníkálukú ra ìpín tirẹ̀, wọ́n sì jókòó ti èrè. Góòlù ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn kò sì rí góòlù. Ebi ni wọ́n rí, àti àìsàn, àti ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí Powhatan jẹ́ olórí wọn. Ní ìgbà òtútù ọdún 1609 wọ 1610, nínú èèyàn bíi 500, nǹkan bíi 60 ló ṣẹ́ kù.

Tábà ló yọ wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1612, John Rolfe gbin irúgbìn tábà kan tó dùn ju ti àdúgbò lọ, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Sípéènì wá, àwọn ará London sì tẹ́wọ́ gbà á. Nígbà tí gómìnà tuntun dé ní 1617, ohun tó bá nílẹ̀ yà á lẹ́nu. Ilé ìjọsìn ti wó. Ọgbà tó yí ìlú ká ti já. Omi kànga ti bàjẹ́. Ilé ìkẹ́rù ni wọ́n ń lò fún ìsìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbin tábà sí àárín ọjà, wọ́n gbìn ín sí ojú pópó, wọ́n gbìn ín sí gbogbo àyè tó ṣófo.

Ẹ má sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ní ẹ̀sìn o. Òfin ológun tí wọ́n ṣe ní Virginia ní 1611 ní kí wọ́n pa ẹni tó bá pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ ìjọba, owó orí ni wọ́n fi ń bọ́ àlùfáà, tábà ni wọ́n sì fi ń san owó orí náà. Nígbà tó di 1696, òfin ti sọ ọ́ di 16,000 pọ́n-ùn tábà lọ́dọọdún fún àlùfáà kọ̀ọ̀kan. Oríṣi tábà méjì ni wọ́n ń gbìn: ọ̀kan ní òórùn dídùn, owó rẹ̀ sì wọ́n, èkejì kò tó o. Ìjọ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá mú tábà olóòórùn dídùn jáde ni àlùfáà tó dáńgájíá máa ń fẹ́ lọ. Ìjọ tí tirẹ̀ kò dára lè wà láìní àlùfáà fún ìgbà pípẹ́. Ibi tí ilẹ̀ ti ń yan oníwàásù fún àwọn èèyàn nìyẹn.

Tábà tún máa ń jẹ ilẹ̀ run. Lẹ́yìn ìkórè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àgbẹ̀ ní láti ṣán ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà ilẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lé. Ẹnikẹ́ni tó bá san owó ọkọ̀ ẹnì kan wá sí Virginia yóò gba éékà 50 lé e lórí. Àwọn tí wọ́n ń san owó ọkọ̀ fún jẹ́ ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì tálákà, tí yóò fi ọdún mélòó kan sin owó náà bí ìwọ̀fà ṣe ń sìn. Ọ̀pọ̀ kú kí ọdún wọn tó pé. Àwọn olóko fọ́n ká sí etí odò, kálukú pẹ̀lú èbúté tirẹ̀, ìlú ńlá kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Níbi tí kò ti sí ìlú, ilé ìwé kò lè pọ̀.

Kò sí bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Àwa tí Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ọdún 21 péré lẹ́yìn tí ajíyìnrere Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, lè má tètè gbà á gbọ́: láti 1607 títí di 1784, Ìjọ Áńgílíkà ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn kò ní bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Àwọn ọlọ́lá inú ìjọ, ìyẹn àwọn olóko tábà, ló ń gbàṣẹ lé àlùfáà lórí. Àlùfáà tó bá sọ ohun tí etí wọn kò fẹ́ lè pàdánù oúnjẹ rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ kan gbé àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 20 wá sí Virginia, wọ́n sì fi wọ́n gba oúnjẹ. Láti Angola ni wọ́n ti kó wọn, inú ọkọ̀ Potogí ni wọ́n ti jí wọn gbé. Fún bí ogójì ọdún, òfin kò tíì sọ ní pàtó irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan gba òmìnira, wọ́n sì ní ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn aṣòfin Virginia, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìjọ, jókòó tí wọ́n sì tò ó. Ní 1662 wọ́n ní ipò ìyá ni ọmọ yóò máa jẹ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún olóko tó bá fún ẹrúbìnrin rẹ̀ lóyún: ọmọ tirẹ̀ di ẹrú rẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ baba ni ọmọ ti ń jogún ipò. Wọ́n yí i padà nítorí èrè. Ní 1667 wọ́n tún ní ìrìbọmi kò lè sọ ẹrú di òmìnira. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà pé àwọn ṣe é kí ọkàn àwọn olówó ẹrú lè balẹ̀, kí wọ́n sì lè jẹ́ kí ẹ̀sìn Kristi gbilẹ̀ láàárín àwọn ẹrú. Mo ti ka ọ̀pọ̀ òfin burúkú láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tó fi orúkọ Kristi bo ẹ̀wọ̀n ló ń dùn mí jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí àríwá. Ní 1620, èèyàn 102 wọ ọkọ̀ Mayflower, wọ́n sì dó sí Plymouth. Ìdajì wọn kú kí ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ìṣípòpadà ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1630, nígbà tí John Winthrop kó èèyàn bíi 1,000 wá sí Massachusetts. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, nǹkan bíi 20,000 ti wọ ìhà ibẹ̀. Púrítánì ni wọ́n, àwọn Kristẹni tó fẹ́ fọ Ìjọ Áńgílíkà mọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó bá jọ ti Ìjọ Àgùdà. Tọkọtaya àti ọmọ ni wọ́n kó wá, nígbà tí Virginia kún fún ọ̀dọ́kùnrin tí kò láya. Abúlé ni wọ́n ń dá sílẹ̀, ilé ìpàdé á wà láàárín, oko á yí i ká.

Láti 1631, ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ìjọ kò lè dìbò. Wọ́n dá Harvard sílẹ̀ ní 1636 kí àlùfáà tó mọ̀wé má bàa wọ́n wọn. Òfin ọdún 1647 ní kí ìlú tó bá ní agbo ilé 50 gba olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, kí Sátánì má bàa fi àìmọ̀wé pa Bíbélì mọ́ wọn lójú. Èyí ni ìyàtọ̀ tí mo gbà pé ẹ̀sìn gan-an ló mú wá. Kò sí ohun tó wà nínú ilẹ̀ Massachusetts tó sọ ilé ìwé di dandan. Ìgbàgbọ́ pé kálukú gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ẹ̀sìn náà wọ ọjà pẹ̀lú. Oníṣòwò kan wà ní Boston tí ń jẹ́ Robert Keayne, ọmọ ìjọ tó lówó lọ́wọ́. Ní 1639 wọ́n fẹ̀sùn kàn án nílé ẹjọ́ pé ó ń gbé owó lé ọjà ju bó ti yẹ lọ: ìṣó, bọ́tìnnì, ohun èlò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ẹ́. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn ńlá lé e. Ìjọ náà pè é, ó sì fi omijé jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, oníwàásù John Cotton gun orí pẹpẹ, ó sì ka ìlànà òwò sí wọn létí. Ó ní ẹni tí ọjà rẹ̀ bá rì sókun kò gbọdọ̀ fowó lé ọjà tó kù láti fi dí i. Ọwọ́ Ọlọ́run ni kó gbà á. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Keayne. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1653, ìwé náà gùn bí ìwé ìtàn, ó ṣì ń wí àwíjàre lórí ìṣó tí wọ́n ní ó tà ní ọ̀wọ́n.

Ilé ẹjọ́ tó lè mú ọlọ́rọ̀ nítorí ìṣó, ṣé kò lè mú ẹni tó ra ènìyàn? Ní 1641 wọ́n kọ ìwé òfin àkọ́kọ́ wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹrú láàárín wọn, àfi àwọn tí wọ́n kó lójú ogun tó tọ́, àti àwọn àjèjì tó ta ara wọn tàbí tí wọ́n tà fún wọn. Ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa: tàbí tí wọ́n tà fún wọn. Nígbà tó di 1646, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ Guinea méjì padà sílé wọn, wọ́n sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ìjínigbé tó rí Ọlọ́run lára. Ó dára. Ṣùgbọ́n jíjí gbé ni ẹ̀sùn náà. Ká ní rírà ni, òfin ti gbà á láàyè.

Ìdí tí ẹrú kò fi pọ̀ ní Massachusetts bíi ti gúúsù kì í ṣe nítorí ọkàn mímọ́. Òtútù pọ̀, òkúta kún inú ilẹ̀, tábà kò lè hù níbẹ̀ débi tí yóò lówó lórí. Ẹja ló là wọ́n, irú ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń sá gbẹ di òkúpòròkó, àti igi, àti ọkọ̀ kíkàn. Ta ló ń ra ẹja náà? Èyí tó dára ń lọ sí Sípéènì àti Potogí. Èyí tó ti fọ́, tí kò ṣeé gbé fún ẹni tó lówó, ń lọ sí erékùṣù Karibíà fún oúnjẹ ẹrú.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń jiyàn pé ẹ̀sìn àwọn Púrítánì ló dá wọn dúró, n óò ní kó wo erékùṣù Providence. Ó wà nítòsí etíkun Nicaragua. Kòlóńbíà ló ni ín lónìí. Ní 1630, ọdún kan náà tí Winthrop gúnlẹ̀, àwọn ọlọ́lá Púrítánì ní London dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti dó síbẹ̀. John Pym, ẹni tó wá di ògúnnágbòǹgbò ọ̀tá Ọba Charles Kìíní ní ilé aṣòfin, ni akápò. Ìjọ kan náà ni, Bíbélì kan náà, àdúrà kan náà. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ wà gan-an, pé àríwá tutù jù. Oòrùn ibẹ̀ mú, ilẹ̀ gba tábà àti òwú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí ra ọmọ Áfíríkà. Ọkùnrin kan láàárín wọn, Samuel Rishworth, sọ pé kò tọ́ kí Kristẹni ní ẹrú, ó sì ń ran àwọn ẹrú lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá ní London bá a wí, wọ́n ní èrò tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1638, àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde, ìdìtẹ̀ ẹrú àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Amẹ́ríkà. Sípéènì gba erékùṣù náà lọ́wọ́ wọn ní 1641. Nígbà náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iye ẹrú àti iye Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba.

Massachusetts àti erékùṣù yẹn kò tilẹ̀ jìnnà síra nínú òwò. Lẹ́yìn ogun tí Massachusetts bá àwọn Pequot jà ní 1637, wọ́n kó àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ọwọ́ wọn tẹ̀ sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní Marblehead, wọ́n sì tà wọ́n sí erékùṣù Providence. Nígbà tí ọkọ̀ náà padà dé Boston ní 1638, òwú, tábà àti àwọn ọmọ Áfíríkà ló gbé wá. Winthrop fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Desire.

Barbados ló wá fi ibi tí ọ̀nà náà ń lọ hàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dó síbẹ̀ ní 1627, ṣúgà sì gba gbogbo ilẹ̀ láti àwọn ọdún 1640. Wọ́n pín erékùṣù náà sí ìjọ Áńgílíkà 11, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn olókùúta. Ní 1661 wọ́n ṣe òfin ẹrú tí Jamaica àti South Carolina wá ṣe àdàkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Kúékà, ìjọ Kristẹni kan, ń mú ẹrú wọn wá sí ìpàdé ìsìn, ìjọba erékùṣù náà fi òfin dá wọn lẹ́kun ní 1676. Ní 1710, olóko ńlá kan, Christopher Codrington, kú, ó sì fi oko ìrèké méjì sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ajíyìnrere Ìjọ Áńgílíkà. Ẹgbẹ́ náà gbà á, tòun ti àwọn èèyàn inú rẹ̀. Wọ́n sì ń fi irin gbígbóná tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, SOCIETY, sí igbáàyà wọn. Ajíyìnrere ló ṣe èyí. Ní 2006, ìgbìmọ̀ gbogboogbò Ìjọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì lórí ipa tí Ìjọ kó nínú òwò ẹrú, wọ́n sì dárúkọ oko yẹn.

N kò ní pẹ́ lórí Maryland àti Carolina. Maryland jẹ́ ibi ààbò fún ọmọ Ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń fìyà jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dé ní 1634, wọ́n sì ṣe òfin ìfàyègbà ẹ̀sìn ní 1649, fún ẹni tó bá ṣáà gba Mẹ́talọ́kan gbọ́. Tábà ni wọ́n ń gbìn, bíi Virginia, wọ́n sì ra ẹrú bíi Virginia. Àwọn àlùfáà Jésúìtì ibẹ̀ ní ẹrú títí di 1838, nígbà tí wọ́n ta èèyàn 272 tí wọ́n sì fi apá kan nínú owó náà gbé yunifásítì Georgetown ró. Carolina lawọ́ jù wọ́n lọ lórí ìwé: ìlànà ìṣèjọba ọdún 1669 ní ẹni méje péré lè dá ìjọ sílẹ̀. Ìwé kan náà sọ pé ọmọ ìlú ní àṣẹ pátápátá lórí ẹrú rẹ̀, ẹ̀sìn yòówù kí ẹrú náà máa ṣe. Láti Barbados ni púpọ̀ nínú àwọn olóko ibẹ̀ ti wá. Ìrẹsì ni wọ́n gbìn, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì nínú àbàtà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì wà lára àwọn tí wọ́n kó ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 1708, aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn, àwọn Gullah, ṣì wà létí òkun. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1949, rí orúkọ Yorùbá láàárín orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn tiwa kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ wọ̀nyí ní ìbẹ̀rẹ̀; Cuba àti Brazil ló gba púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n a wà níbẹ̀.

Rhode Island ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí mo fẹ́ràn ẹni tó dá a sílẹ̀. Massachusetts dájọ́ lílé jáde fún Roger Williams ní 1635 nítorí ó sọ pé ìjọba kò ní àṣẹ lórí ẹ̀rí ọkàn, àti pé ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ti ọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi tọrẹ. Ó rin inú yìnyín, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Narragansett, wọ́n fún un nílẹ̀, ó sì dá ìlú Providence, tó yàtọ̀ sí erékùṣù ìṣáájú, sílẹ̀ ní 1636. Àwọn Kúékà, tí Massachusetts so mẹ́rin nínú wọn kọ́ láàárín 1659 sí 1661, rí ibi sá sí níbẹ̀. Àwọn Júù dé Newport ní 1658. Ní 1652 wọ́n tilẹ̀ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ẹlòmíràn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ wọn kéré, òkun ni ọ̀nà àtijẹ. Wọ́n ń ra omi ìrèké láti Karibíà, wọ́n ń pọn ọ́n ní ọtí rọ́ọ̀mù, wọ́n ń gbé ọtí náà lọ sí etíkun Áfíríkà. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń ti ìhà ibẹ̀ lọ ra ẹrú, èyí tó ju ìdajì lọ jẹ́ ti Rhode Island. Ìlú tó fún gbogbo ọkàn ní òmìnira ló di ọ̀gá nínú òwò ẹrú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni Pennsylvania, níbi tí William Penn àti àwọn Kúékà dó sí láti 1681 wọ 1682. Kò yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Penn fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Ní 1688, ọkùnrin mẹ́rin ní Germantown kọ ìwé ẹ̀hónú pé òfin tó ní kí a ṣe sí ẹlòmíràn bí a ti fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa kò yọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ìpàdé oṣù àwọn Kúékà ní ọ̀rọ̀ náà wúwo ju àwọn lọ, wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé ìdámẹ́rin ọdún. Àwọn yẹn náà ní ó wúwo, wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé ọdún. Ìpàdé ọdún gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn 50 ọdún ni Benjamin Lay dìde. Abuké ni, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ó ti gbé Barbados rí, ó ti fi ojú rí bí ebi ṣe ń pa àwọn ẹrú oko ìrèké. Ìrírí yẹn ló gbé wá sí Pennsylvania, kò fi ṣúgà kan ẹnu mọ́, ó ń ran òwú aṣọ ara rẹ̀. Ní 1738, níbi ìpàdé ọdún àwọn Kúékà ní Burlington, ó da aṣọ ńlá bora, idà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ní Ọlọ́run yóò ta ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń mú ẹnì kejì wọn lẹ́rú sílẹ̀ bí òun ṣe fẹ́ ṣe báyìí. Ó fa idà yọ, ó gún ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi àpò omi èso pupa pamọ́ sínú ìwé náà. Omi pupa tú sí ara àwọn tó jókòó nítòsí, àwọn ọlọ́rẹ̀ẹ́-àlàáfíà tó lẹ́rú nílé. Wọ́n gbé e sọ síta, àwọn Kúékà sì kọ̀ ọ́ lọ́mọ ìjọ. Ní 1758, ìpàdé ọdún kan náà pinnu pé ẹni tó bá ra ẹrú tàbí tó tà á kò ní lẹ́nu nínú ètò ìjọ mọ́. Lay gbọ́ ìròyìn náà kó tó kú ní 1759. Ní 1776 wọ́n ní ẹni tí kò bá tú ẹrú sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ.

Ẹnì kan lè sọ pé àlìkámà ni wọ́n ń gbìn, pé àlìkámà kò béèrè ẹrú bíi ṣúgà, nítorí náà ó rọrùn fún wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́rọ̀ Philadelphia ní ẹrú, wọ́n sì jèrè lórí wọn, wọ́n sì ní láti pàdánù. Ilẹ̀ dín iye ohun tí wọ́n máa pàdánù kù. Kò bá wọn pinnu. Ẹ̀rí ọkàn àwọn díẹ̀ ló fi ọdún 88, láti 1688 sí 1776, yí ìjọ kan padà.

Georgia ló gbẹ̀yìn, òun náà ló sì kàn wá jù. Nígbà tí James Oglethorpe dó sí Savannah ní 1733, àwọn onígbọ̀wọ́ ilẹ̀ náà fẹ́ kó jẹ́ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì tálákà yóò ti fọwọ́ ara rẹ̀ dáko. Ní 1735 wọ́n fòfin de ẹrú. Àwọn ará Salzburg tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Luther ní ìlú Ebenezer kọ̀wé ti òfin náà lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ń fi ọwọ́ ara àwọn gbin ìrẹsì. Ṣùgbọ́n àwọn olóko ń wo ọrọ̀ Carolina lódìkejì odò. George Whitefield, oníwàásù tó lókìkí jù nígbà ayé rẹ̀, bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún ẹrú. Ilé ọmọ aláìlóbìí tó dá sílẹ̀ ń fẹ́ owó. Ní 1751 òfin náà wó.

Ohun tó fi kàn wá rèé: àwọn Onítẹ̀bọmi ka Roger Williams mọ́ àwọn baba ìjọ wọn. Òun ló bá wọn dá ìjọ àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀ ní ìlú Providence, ní Rhode Island, ní 1638. Ìjọ náà tàn dé gúúsù, ó sì gbilẹ̀ ní Georgia. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi àríwá kọ̀ láti rán olówó ẹrú níṣẹ́ ìyìnrere, àwọn ti gúúsù pàdé ní Augusta, ní Georgia, ní 1845, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló rán Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, sí wa. Ó dé Badagry ní 1850, ó dé Ìjàyè, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tó wà ní Ìwó ń jẹ́. Owó tó rán iṣẹ́ náà ti inú àwo ọrẹ àwọn ìjọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ní ẹrú wá. Ní 1995, ní ọdún 150 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n gbé ìpinnu jáde, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ̀bẹ̀ mi wà fún ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àjọ̀dún ìjọ yín, tí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn tó mú ìyìnrere wá, ẹ ka ìtàn àwọn tó rán wọn pẹ̀lú. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní òfin 1667, ẹ kọ́ wọn ní irin SOCIETY, ẹ sì dárúkọ Samuel Rishworth àti Benjamin Lay fún wọn. Ìjọ tiwa náà ní oníṣòwò, ó ní olóko, ó ní àwọn tó ń gba ọmọdé sílé fún iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń san.